Ẹ má yọ axle ẹ̀yìn Spitfire dànù: ọ̀pá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ náwó lé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi ní ìjàpá kan, ìyẹn Volkswagen Beetle. Lọ́jọ́ kan táyà ẹ̀yìn rẹ̀ jò, mẹkáníìkì fi jáàkì gbé e sókè, bí mo ṣe rí i tí táyà yẹn ká wọ abẹ́ mọ́tò nìyẹn, bí ẹsẹ̀ adìyẹ tí wọ́n gbé nílẹ̀. Mo figbe ta pé mọ́tò ti kán. Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ó ní, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ọmọ mi."

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ohun tí mo rí yẹn ló ń gba oorun lójú àwọn tó ń fi mọ́tò àtijọ́ díje.

Mọ́tò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí bá ìjàpá tan lápá ẹ̀yìn. Triumph Spitfire ni, tí wọ́n ṣe ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1962 títí di 1980. Ó kéré, èèyàn méjì ló ń gbà, orí rẹ̀ sì ṣeé ṣí. Giovanni Michelotti, ará Ítálì, ló ya àwòrán rẹ̀. Torí pé ó rẹwà tí kò sì wọ́n púpọ̀, àwọn olùdíje ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ṣì ń sá a títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ bá wọn jókòó díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ: "Yọ axle ẹ̀yìn yẹn dànù, fi òmíràn síbẹ̀." Mi ò gbà o. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan axle yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń náwó sí kọ́ ló yẹ kí owó lọ.

Swing axle ni wọ́n ń pè é. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, ọ̀pá tó ń yí táyà ní oríkèé méjì: ọ̀kan nínú lọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ differential, ọ̀kan níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ti Spitfire ní ẹyọ kan, inú lọ́hùn-ún ló sì wà. Ẹ ronú apá tí kò ní ìgbọ̀nwọ́ tí kò sì ní ọrùn ọwọ́, tó jẹ́ pé èjìká nìkan ló lè tẹ̀. Bí ọ̀pá bá ròkè, orí táyà á fì sínú. Bó bá wálẹ̀, ìsàlẹ̀ táyà á ká wọ abẹ́ mọ́tò.

Wàhálà dé nígbà tí mọ́tò bá fi eré wọ kọ́nà. Ilẹ̀ á máa ti táyà tó wà lápá ìta sínú. Oríkèé ọ̀pá náà sì ga ju ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ lọ. Ẹ wo àkàbà tó fara ti ògiri: bẹ́ ẹ bá ti ìdí rẹ̀ sínú, ṣebí orí rẹ̀ á gun ògiri lọ sókè? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni táyà ìta ṣe ń gbé ẹ̀yìn mọ́tò. Bí ẹ̀yìn ṣe ń gòkè, táyà ń ká, etí rẹ̀ nìkan ló máa kù lórí títì. Bí awakọ̀ bá wá bẹ̀rù, tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lójijì, ìwúwo á sá síwájú, ẹ̀yìn á túbọ̀ fúyẹ́, mọ́tò á sì pòòyì.

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn èèyàn ni pé kí ẹ̀yìn le sí i. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Táyà inú náà ń ṣiṣẹ́ ní kọ́nà, òun sì ń fa ẹ̀yìn wálẹ̀ nígbà tí ti ìta ń gbé e sókè. Bí àwọn méjèèjì bá pín iṣẹ́ náà dọ́gba, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́. Ẹ̀yìn tó le gan-an kì í jẹ́ kí wọ́n pín in: ó ń kó ẹrù kúrò lórí táyà inú, ó ń dì í lé ti ìta.

Àwọn Triumph pàápàá pẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe. Sípíríǹgì ẹ̀yìn Spitfire jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń fi rọ àdá. Ó dábùú láti táyà kan dé èkejì, wọ́n sì fi bóòtù dè é mọ́ orí differential pinpin. Nígbà tí Mk IV jáde ní 1970, irin kan ṣoṣo ni wọ́n dè. Wọ́n jẹ́ kí ìyókù máa jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún bíi pákó táwọn ọmọdé ń gùn lókè-sódò. Bí táyà méjèèjì bá jọ kó sí gegele, agbára sípíríǹgì ṣì pé. Bí mọ́tò bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò bá a jà mọ́. Wọ́n wá mú kí irin tó ń dènà fífì níwájú nípọn sí i, kí iwájú lè gbé èyí tí ẹ̀yìn sọ sílẹ̀. Ó tán. Ọdún mẹ́jọ gbáko ló gbà wọ́n o!

Ẹnì kan á ní GT6 ńkọ́? Òótọ́ ni. Ní 1968 wọ́n fún ẹ̀gbọ́n Spitfire yìí ní oríkèé onírọ́bà níta, táyà rẹ̀ sì ń dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n ní 1973, àwọn Triumph fúnra wọn yọ ọ́, wọ́n sì lo sípíríǹgì tó ń jù yẹn dípò rẹ̀. Ó dájú pé owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, ní Le Mans 1965, kí ìkankan nínú àtúnṣe yìí tó dé, Spitfire méjì ṣe ipò 13 àti 14, èkínní wọn sì gba ipò kìíní láàárín àwọn ẹlẹ́ńjìnnì kékeré ẹgbẹ́ rẹ̀.

Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ díje, kó wá sípíríǹgì tó ń jù, kó rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀ díẹ̀ kí orí táyà ti fì sínú kó tó dé kọ́nà, kó sì fi okùn líle de ọ̀pá kó má lè wálẹ̀ jù. (Ẹ má lọ gé sípíríǹgì Corolla yín o, ọ̀rọ̀ tiwa kọ́ nìyẹn.)

Ọ̀pá yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Kì í ṣe pé ó ń yí táyà nìkan, òun ló di táyà mú. Bó bá kán níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́árìnì, táyà á bá tirẹ̀ lọ. Ìwúwo mọ́tò sì ń tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá yí, bíi wáyà tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn kó lè já. Láàárín kìlómítà kan, ó ti yí ju ìgbà 500 lọ. Táyà ìdíje tó ń di ilẹ̀ mú dáadáa tún ń fi kún ìnira rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ ó rí ẹni tó ra ṣọ́ọ̀kì olówó ńlá, tó fi ọ̀pá àádọ́ta ọdún sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ ra ọ̀pá tuntun onírin líle. Bí owó ò bá tó, ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ fọ epo ara rẹ̀ kúrò, ẹ fi aró pupa tí wọ́n fi ń wá ìsán kùn ún, ẹ dúró díẹ̀, ẹ nù ún mọ́, kẹ́ ẹ wá fọ́n ẹfun rẹ̀ sí i. Bí ìlà pupa bá yọ lára funfun yẹn, bó tiẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, mọ́tò yẹn ò gbọdọ̀ jáde ní Sátidé.