Àwa Ni A Ń Kọ́ Òbúkọ Ní Ìwàkiwà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀pọ̀ agboolé ní Ìjàgbò, lẹ́bàá Ọ̀fà, ni a ti ń sin ewúrẹ́. Bí òbúkọ bá kan ọmọdé, a óò máa pariwo pé, "Òbúkọ burúkú!" Lójú tèmi, òbúkọ nìkan kọ́ ni ó jẹ̀bi.

Nígbà tí ó wà ní kékeré, ta ni ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ti iwájú orí rẹ̀? Ẹ̀yin ni. Òun náà ń tì yín padà, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìwo rẹ̀ wá gùn, ó tún fẹ́ ṣe eré náà. Eré yìí lè fọ́ni lójú, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ra ojú lọ́jà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ti ewúrẹ́ lórí mọ́. Ọrùn tàbí ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti máa fọwọ́ pa á lára. Bí ó bá ń fi ìwo tì yín nítorí èèpo iṣu, ẹ má ṣe fún un títí yóò fi fara balẹ̀.

Ẹ máa ṣọ́ra pẹ̀lú. Bí àgbò bá fẹ́ kàn, ẹ̀yìn ni ó kọ́kọ́ máa ń rìn. Òbúkọ ní tirẹ̀ sábà máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dìde dúró. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ tètè yà fún un. Abo ewúrẹ́ náà ní ìwo. Ẹ má ṣe gbé ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹranko pàápàá, ohun tí a bá kọ́ ọ nílé ni yóò hù níta.