Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Ti Aya Tí Ó Fẹ́ Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Nítorí Ìsanra

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ baálé ilé kan, ọmọ Yorùbá, tí òun àti aya rẹ̀ ń gbé ní ilẹ̀ England. Ó wí pé aya òun, ìyá ọmọ mẹ́ta, sanra púpọ̀. Àtọ̀gbẹ ti mú un, eékún ń ro ó, bẹ́ẹ̀ ni èémí rẹ̀ a máa dáwọ́ dúró lójú oorun. Àwọn dókítà ti wí pé iṣẹ́ abẹ lè ràn án lọ́wọ́. Aya ti gbà. Ọkọ ni kò tíì gbà. Ẹ̀rù méjì ni ó ń bà á: èkíní, kí aya rẹ̀ má bàa kú sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, èkejì, kí àwọn ará ilé má bàa wí pé òun ni kò bọ́ ọ tí ó fi rù.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ arákùnrin wa yìí nítorí òtítọ́ inú rẹ̀. Ẹ̀rù kejì ni a ó kọ́ dáhùn, nítorí òun ni ó fúyẹ́ jù. Láti ìgbà àwọn baba wa ni a ti ń ka ara kíkún sí àmì ọlà, tí a sì ń ka rírù sí àmì ìyà. A kò bá wọn jà. Ìyàn ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ kò mọ ọlà. Ojú tí ó fọ́, ẹsẹ̀ tí a gé, kíndìnrín tí ó daṣẹ́ sílẹ̀: kò sí ẹni tí yóò kí ọkọ kú ìtọ́jú nítorí ìwọ̀nyí. Kí a má sì ṣe pe aya ní ọ̀lẹ tàbí alájẹkì. Nígbà tí ènìyàn bá ti sanra kọjá ààlà, ara fúnra rẹ̀ a máa jà kí ìwọ̀n náà má dín. Bí a bá dín oúnjẹ kù, ebi a máa pọ̀ sí i.

Ní ti ẹ̀rù èkíní, iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní àná. Ní ọdún 1966 ni Dókítà Edward Mason àti Dókítà Chikashi Ito ti ṣe irú rẹ̀ kan ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà. Méjì ni ó wọ́pọ̀ nísinsìnyí. Nínú ọ̀kan, a ó gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò oúnjẹ kúrò. Nínú èkejì, a ó fi apá òkè àpò náà ṣe àpò kékeré kan, a ó sì so ìfun mọ́ ọn, kí oúnjẹ lè gba ọ̀nà àbùjá kọjá. Ihò kéékèèké ni a ń gbà ṣe é, kì í ṣe ọgbẹ́ ńlá bí ti àtijọ́. Ewu ń bẹ níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ lè máa dà, ojú ibi tí a rán lè jò, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn tí ó mọ iṣẹ́ náà, àwọn tí ń kú kò ju nǹkan bí ẹnì kan nínú 1,000. Ẹ fi èyí wé ewu àtọ̀gbẹ fún ogún ọdún.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó sanra ni a ń ṣe é fún. A ó fi gíga ènìyàn ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó sì fi iye náà pín ìwọ̀n ara rẹ̀ ní kílógíráàmù. Ìlànà England ni pé kí èsì tó 40, tàbí 35 bí àrùn bí àtọ̀gbẹ bá wà. Láti ọdún 2023 ni ìlànà náà ti wí pé a lè fi 2.5 dín iye wọ̀nyí kù fún àwa tí ìdílé wa ti Áfíríkà wá, nítorí àtọ̀gbẹ kì í pẹ́ mú wa. Obìnrin tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.65, tí ó wọ̀n ní kílógíráàmù 109, ti dé 40.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ìmúrasílẹ̀. Bí ó bá ń mu sìgá, kí ó jáwọ́. Kí ó máa rìn lójoojúmọ́. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, a ó fún un ní oúnjẹ tí kò ní ọ̀rá àti ṣúgà púpọ̀. Ìyà kọ́ ni a fi ń jẹ ẹ́: orí àpò oúnjẹ ni ẹ̀dọ̀ wà, bí ọ̀rá bá sì mú un tóbi, oníṣẹ́ abẹ kì yóò ríran. Kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà bí yóò ti lo oògùn àtọ̀gbẹ ní àkókò náà, kí ṣúgà ara rẹ̀ má bàa lọ sílẹ̀ jù. Bí a bá ti fún un ní ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú lóru, kí ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ó sì ti máa kọ́ bí a ti ń jẹun jẹ́jẹ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àwa Yorùbá yóò ti kọsẹ̀: a kì í jẹ òkèlè lẹ́nu, mímì ni a ń mì í.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwọn nọ́ọ̀sì yóò gbé e dìde láti rìn ní ọjọ́ náà gan-an tàbí ní ọjọ́ kejì, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ìkà ni wọ́n. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ohun ṣíṣàn nìkan ni yóò máa mu. Lẹ́yìn èyí, oúnjẹ tí a lọ̀ kúnná. Lẹ́yìn èyí, oúnjẹ rírọ̀ bí ẹyin, ẹja, àti mọ́ínmọ́ín. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ó tó jẹ oúnjẹ gbogbo ilé, ṣíbí díẹ̀ ni yóò sì kún un. Ẹyin, ẹja, ẹran àti ẹ̀wà ni kí ó kọ́ jẹ kí ó tó kan oúnjẹ onísítáàṣì. Kí ó máa fẹnu kan omi díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe mu ún pẹ̀lú oúnjẹ. Kí ó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ó má ṣe gbé ẹrù wúwo fún oṣù kan ó kéré tán.

Àwa mọ obìnrin kan tí àwọn àlejò gbé ẹ̀bà ka iwájú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí wọ́n ń wí pé ojú rẹ̀ ti wọnú jù. Ìtìjú kò jẹ́ kí ó kọ̀. Òkèlè méjì péré ni ó fi bì títí ilẹ̀ fi mọ́, a sì gbé e padà lọ sí ilé ìwòsàn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò ní òye a máa pa ni lára.

Bí ibà bá mú un, bí inú bá ń ro ó gidigidi, bí ọkàn rẹ̀ bá ń sáré, bí kò bá lè mí dáadáa, bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tàbí bí ó bá ń bì láìdáwọ́ dúró, kí ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ gbé e lọ.

Kí ọkọ àti aya mọ èyí pẹ̀lú: oògùn fítámì àti èròjà irin tí a bá fún un, títí ayé ni yóò máa lò wọ́n, a ó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Irun rẹ̀ lè máa já ní oṣù kẹta sí ìkẹfà. Ó sábà máa ń hù padà. Kí ó má ṣe lo oògùn ara-ríro bí ibuprofen láìbéèrè. Oyún a máa yára dúró bí ara bá ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n dúró fún oṣù 12 sí 18; kí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Bí àkókò ààwẹ̀ bá sì dé, kí ó má ṣe gbà á títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Ní ọdún kan sí méjì, ó lè pàdánù nǹkan bí ìdámẹ́rin ìwọ̀n ara rẹ̀. Àtọ̀gbẹ a sì máa fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ lè padà wá.

Nítorí náà, arákùnrin wa, ara aya yín ni a ó gé, òun ni ó sì ní ìpinnu. Kì í ṣe ìyọ̀ǹda yín ni ó ṣe aláìní bí kò ṣe ìrànlọ́wọ́ yín. Ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ẹ sì béèrè gbogbo ohun tí ń bà yín lẹ́rù. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ni kí ẹ máa dáná, kí òórùn ọbẹ̀ má ṣe di ìdánwò fún un. Nígbà tí àwọn ará ilé bá sì béèrè pé kí ni ó mú ìyàwó rù, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́ dáhùn, kí ẹ wí pé ìmọ̀ràn àwa méjèèjì ni. Ọ̀rọ̀ kan yìí láti ẹnu ọkọ yóò pa ẹnu púpọ̀ mọ́.

Ó dìgbà kan ná.