Atẹ́gùn kì í ra gáàsì: ẹ má fi ìdá márùn-ún tan ará oko jẹ

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí o, ó gùn díẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá gbé àwòrán àwọn ẹ̀rọ atẹ́gùn funfun gàgàrà yẹn síbí, ohun kan náà lẹ máa ń kọ sábẹ́ ẹ̀: "Kí wọ́n gbé e lọ sí abúlé jàre, àwọn ará ibẹ̀ á jàǹfààní." Èmi náà fẹ́ kó wá, mi ò bá ẹ̀rọ jà. "Àǹfààní" tí kò sẹ́ni tó ń sọ iye ẹ̀ ni mò ń bá jà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ Alimosho kúrò níbẹ̀ ná. Kò sẹ́ni tó máa rí ẹ̀rọ atẹ́gùn ńlá ní Igando. Atẹ́gùn wa ò lágbára tó, ilé sì ti fún pọ̀ jù. Tí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára inú ẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá a lọ sí agbègbè Jos, Sókótó àti Katsina. Ará oko ló máa gba ẹ̀rọ lálejò, àwa ará ìlú ńlá la máa tan iná.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ lọ wo Lambar Rimi ní Katsina. Ìgbà tí Umaru Yar'Adua ṣì jẹ́ gómìnà ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbèrò ẹ̀: ẹ̀rọ 37, ìkọ̀ọ̀kan kìlówáàtì 275, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ lé díẹ̀ ní mẹ́gáwáàtì 10. Vergnet láti Faransé ló gba iṣẹ́ náà. Ní December 2012, àwọn agbébọn jí ẹnjiníà ará Faransé kan, Francis Collomp, gbé ní Rimi. November 2013 ló tó rí ọ̀nà sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ falẹ̀, ọdún ń gorí ọdún. Ẹ wá rò ó: àgbẹ̀ tí wọ́n bá san owó ilẹ̀ fún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ló máa fi dúró de irú ìdádúró yẹn?

Ti Kenya tún tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ 365 ló wà ní Lake Turkana, mẹ́gáwáàtì 310. Wọ́n tò ó tán ní 2017, àmọ́ wáyà tó máa gbé iná lọ sí Suswa ò ṣe tán títí di September 2018. Ẹ̀rọ dúró, wáyà ò sí! Àwọn darandaran ibẹ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà lọ sí kóòtù láti 2014, àti pé ní October 2021 kóòtù ní Meru sọ pé wọn ò gba ìwé ilẹ̀ náà bó ṣe bófin mu. Ilẹ̀ tí à ń sọ yìí tó éékà 150,000.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. "Ṣebí òfin ti wà ní Nàìjíríà." Ó wà lóòótọ́. Ní February 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àtúnṣe òfin iná mànàmáná. Babajimi Benson tó ń ṣojú Ìkòròdú, níbi tí Egbin wà, ló gbé àbá náà wá, mo sì kí i fún ìyẹn. Òfin náà ní kí ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná máa yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún ìlú tó gbà á lálejò. Ó dáa.

Àmọ́ ìdá márùn-ún kí ni? Ìdá márùn-ún owó tí ilé iṣẹ́ ń NÁ láti fi ṣiṣẹ́ lọ́dún ni. Kì í ṣe owó tó ń PA.

Egbin ń ra gáàsì, gáàsì sì wọ́n. Owó tó ń ná pọ̀, torí náà ìdá márùn-ún ẹ̀ nítumọ̀. Atẹ́gùn ńkọ́? Ta lẹ máa sanwó atẹ́gùn fún? Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, kì í ṣe iye gidi o: ilé iṣẹ́ méjì ta iná bílíọ̀nù 10 náírà lọ́dún. Ti gáàsì ná bílíọ̀nù 6, ìlú tó gbà á lálejò gba mílíọ̀nù 300. Ti atẹ́gùn ná bílíọ̀nù kan àtààbọ̀, ìlú tiẹ̀ gba mílíọ̀nù 75. Iye tí wọ́n tà dọ́gba, òfin sì dọ́gba, síbẹ̀ ará oko tó fún atẹ́gùn nílẹ̀ gba ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ẹnì kejì ẹ̀ gbà. Bí iṣẹ́ ẹ̀rọ bá ṣe ń dínwó sí, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn á máa kéré sí i. Èwo nìyẹn?

Ó yẹ kí ọmọ Alimosho lóye èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Oko ni Ikotun àti Egbeda jẹ́ láyé àwọn bàbá bàbá wa. Ẹ̀yin náà mọ ìdílé onílẹ̀ tó ta pulọ́ọ̀tì kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n náwó ọ̀hún tán, ọmọ ọmọ wọn sì ń háyà yàrá kan lórí ilẹ̀ baba ńlá ẹ̀. Tó bá kan gbígba àlejò tí ẹlòmíì ń jẹ èrè ẹ̀, ṣé ẹ ti gbàgbé Solous ni? Ìdọ̀tí Èkó ń wá, òórùn ẹ̀ ń kù sílẹ̀ fún Igando.

Ẹnìkan ti sọ fún mi pé tá a bá béèrè púpọ̀, àwọn olówó á sá lọ. Wọn ò sá ní Denmark. Ní Middelgrunden, létí òkun Copenhagen, ẹ̀rọ 20 ló wà níbẹ̀ láti ọdún 2000. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lé ní 8,000 ló ni ìdajì wọn. Ní 2009, òfin wọn ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn kalẹ̀ fi ó kéré tán ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìpín lọ àwọn tó ń gbé nítòsí. Wọ́n ní láti rà á ni o, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Tiwa lè jẹ́ pé ilẹ̀ ni wọ́n máa fi ra ìpín.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Kí ilẹ̀ jẹ́ yíyá, kí wọ́n máa san owó ẹ̀ lọ́dọọdún, kí owó náà sì máa lọ sókè bí ọjà bá ṣe ń wọ́n. Kí wáyà kọ́kọ́ dé abúlé náà kó tó kọjá sí ìlú ńlá. Kí wọ́n sì yọ "owó tí wọ́n ná" kúrò nínú òfin yẹn fún ilé iṣẹ́ tí kì í ra epo tàbí gáàsì, kí wọ́n fi "owó iná tí wọ́n tà" rọ́pò ẹ̀.

Ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní Alimosho. Ìbò wa pọ̀. Aṣojú wa wà l'Ábújá, ó sì ní àkáǹtì lórí ìkànnì yìí. Ẹ fi orúkọ ẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, kẹ́ ẹ bi í bóyá ó máa gbé àtúnṣe yẹn wá kí ilé iṣẹ́ kankan tó gbé òpó àkọ́kọ́ rì mọ́lẹ̀.