Ẹ Jẹ́ Ká Dáwó Parí Fíìmù Wa

Ní 2005, Sandy Cioffi wá láti Amẹ́ríkà sí Oporoza, ìlú àwọn Ijaw tó wà lórí omi nítòsí Warri, láti ya fíìmù nípa ilé ìkàwé tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Epo rọ̀bì tó bo ojú omi àti ìyà àwọn ará ibẹ̀ ló sọ iṣẹ́ náà di fíìmù Sweet Crude. Àwọn ológun mú òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní oṣù kẹrin 2008. Fíìmù náà jáde ní 2009. Mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin náà gan-an. Àmọ́ ó dùn mí pé àwọn ọ̀dọ́ tiwa ní Warri tó ń gbé kámẹ́rà rìn kọjá lẹ́bàá iná gáàsì kì í sábà rí owó parí iṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní ìlú Benin dájọ́ pé sísun gáàsì ní ìlú Iwherekan tako ẹ̀tọ́ ènìyàn láti wà láàyè. Iná náà ṣì ń jó lẹ́yìn ìdájọ́. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló yẹ kí ará Warri fojú ara rẹ̀ rí nínú fíìmù, pẹ̀lú ìtumọ̀ Urhobo, Ijaw àti Itsekiri lábẹ́ àwòrán. Títò àwòrán, títún ohùn ṣe àti ìtumọ̀ yẹn ló ń jẹ owó jù nígbà ìparí, owó òkèèrè kì í sì í wá lọ́fẹ̀ẹ́: ẹni tó sanwó á fẹ́ pàṣẹ ohun tí a ó gé kúrò. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó ń dáwó ìsìnkú lè dá ti èyí náà, kí àwọn tó ń ṣe fíìmù sì máa fi àkọsílẹ̀ ìnáwó han gbogbo olùdáwó.