Kí Ẹni Tó Wọ Kànga Lè Jáde Láàyè

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ rọra kà á. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ kà á fún ẹni tí kò tí ì mọ̀wé.

Èédú tí àwa mọ̀, igi ni a ń sun kó tó di èédú. Èédú mìíràn wà tó jẹ́ pé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á. Ó dúdú, ó le bí òkúta, iná rẹ̀ sì gbóná púpọ̀. Ní Enugu, ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ọdún 1915 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Àwọn awakùsà ń gbẹ́ ihò wọ inú òkè lọ bí òkété.

Ẹ óò ní, "Kí ló kàn wá níbẹ̀? Kò sí èédú ilẹ̀ ní Sakin." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kànga wà ní Sakin. Ta ló ń gbẹ́ ẹ? Ọmọ wa ni, àbúrò wa ni, àna wa ni. Àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè wa sì ń wa wúrà nínú kòtò ní Perma, ní Atakora. Ihò ni ihò ń jẹ́. Ohun tó ń pa awakùsà nínú ihò èédú ló ń pa agbẹ́kànga: ilẹ̀ tó ń ya luni, àti afẹ́fẹ́ burúkú.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Courrières, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Faransé. Iná ti ń jó nísàlẹ̀ ihò èédú níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀kalẹ̀ títí iná náà yóò fi kú. Àwọn ọ̀gá kò gbọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 1906, ihò náà bú gbàmù. Eruku èédú gbé iná káàkiri abẹ́ ilẹ̀. Ènìyàn 1.099 kú. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọ̀gá fi ní kò sí alààyè mọ́ nísàlẹ̀, wọ́n sì dáwọ́ wíwá wọn dúró. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù náà, ọkùnrin 13 rìn jáde fúnra wọn. Ogún ọjọ́ ni wọ́n fi táràkà nínú òkùnkùn. Ẹnìkan tún jáde ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin. Ẹ bi ara yín: mélòó ni ìbá jáde bí a bá ń wá wọn?

Àwọn kan nínú wa a máa ní, "Àkókò rẹ̀ ló tó." Èmi kò gbà. Ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ pé iná ń jó, tí ọ̀gá tún ní kó máa sọ̀kalẹ̀, ṣé àkókò ló pa á?

Ẹ jẹ́ ká wo kànga tiwa. Ilẹ̀ a máa ya. Bí ẹ bá kó erùpẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jọ sí etí kànga, ó ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì lè wó lu ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹ kó o jìnnà. Nígbà òjò, ewu náà pọ̀ sí i. Òrùka tí a fi sìmẹ́ńtì mọ ló ń di ara kànga mú. Bí a ṣe ń gbẹ́ ni kí òrùka máa sọ̀kalẹ̀.

Ti afẹ́fẹ́ burúkú le ju ti ilẹ̀ lọ, nítorí ojú kò rí i. Afẹ́fẹ́ kan wà tó wúwo ju èyí tí à ń mí lọ. Ó máa ń jókòó sí ìdí kànga bí omi. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òmíràn ń ti inú ẹ̀rọ tó ń mu epo jáde. Èyí ni kò fi yẹ kí a gbé ẹ̀rọ tí ń fa omi sọ̀kalẹ̀ sínú kànga láéláé. Nígbà kan rí, àwọn awakùsà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé ẹyẹ kékeré kan dání wọlé. Bí ẹyẹ bá ṣubú, wọ́n á sá jáde. Àwa lè so àtùpà tó ń jó mọ́ okùn, ká sọ ọ́ kalẹ̀ kí ènìyàn tó wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má sì bẹjú wo ẹnu kànga nígbà náà. Bí àtùpà bá kú, kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀. Bí kò bá kú ńkọ́? Ẹ má tìtorí ẹ̀ ju okùn nù. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ yẹn kì í pa àtùpà, ènìyàn ló ń pa.

Okùn náà, ara ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni kó wà, lábẹ́ abíyá. Kí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta dúró lókè. Bí a bá pè é tí kò dáhùn, kí wọ́n fà á gòkè. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ́ tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, àgàgà bó bá jẹ́ ọmọ ìyá ẹni ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n báyìí ni òkú kan ṣe ń di mẹ́ta.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó. Ní Enugu, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley. Owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń béèrè. Gbogbo wa la ó sọ pé ìkà ni. Ó dáa. Àwa tí a ń gbé iṣẹ́ kànga fúnni ńkọ́? A ó ná owó rẹ̀ títí, bí ẹni ń ná iṣu lọ́jà. Agbẹ́kànga á gbà, nítorí ebi ń pa á. Ibo ni yóò ti yọ owó náà? Òrùka ni yóò dín kù. Ẹnìkan péré ni yóò mú wá fa okùn. Owó tí a rò pé a jẹ lérè, ọrùn rẹ̀ la ti gé e. Ẹ̀mí kò láàárọ̀.

Ní ọdún 1995, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní gbogbo ayé fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Jìnẹ́fà lórí iṣẹ́ ìwakùsà. Ó ní bí òṣìṣẹ́ bá rí ewu, ó ní ẹ̀tọ́ láti kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí agbẹ́kànga tiwa náà ní in. Bó bá gòkè tó ní ilẹ̀ ń mì, ẹ má pè é ní ojo tàbí ọ̀lẹ.

Ìwé tí ẹ ń kọ́ wúlò níbí. Láti ọdún 1890 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti ní kí àwọn awakùsà yan aṣojú tí yóò máa wọ ihò lọ wo ewu, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó sán ọkọ́ àkọ́kọ́, ẹ kọ àdéhùn: òrùka mélòó, okùn, ènìyàn mélòó lókè. Kí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ fi sí etí kànga. Lójoojúmọ́, ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ̀kalẹ̀, aago tó sọ̀kalẹ̀, aago tó gòkè. Bí àyè kẹta bá ṣófo nírọ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má tí ì lọ sílé.