Oúnjẹ Ẹbí Nínú Yàrá Ilé Ìtura

Nígbà tí ọdún Iléyá bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, títì tó gba Arámọkọ kọjá lọ sí Èrìjìyàn àti Ìkógòsì a máa kún fún ọkọ̀. Bàbá jókòó síwájú, ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ mẹ́rin há mọ́ra lẹ́yìn. Àwọn kan ti Èkó wá, àwọn kan ti Ìbàdàn, àwọn mìíràn ti Adó-Èkìtì, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí omi gbígbóná àti omi tútù tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n pàdé, síbẹ̀ tí ọ̀kan kò gba ìwà lọ́wọ́ èkejì. Ní nǹkan bí ọdún 1952 ni John McGee, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà, ròyìn omi náà fún àwọn ará òkèèrè. Àwọn ará Ìkógòsì tí wọ́n ti ń wẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó dé kò nílò ìròyìn kankan. Láti ìgbà náà ni àlejò ti ń wá, tí ilé àlejò sì ti wà lẹ́bàá omi.

Àjò náà dára. Ẹni tó mú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ jáde lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́hun kò ṣe àṣìṣe. Ibi tí àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, tí omi wíwẹ̀ ti mú ebi wá, tí bàbá wá na ọwọ́ mú ìwé oúnjẹ ilé ìtura, tí ó sì ń kà á láti apá ọ̀tún, níbi tí iye owó wà.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Ká ní àwo oúnjẹ kan jẹ́ ₦4,000. Àpẹẹrẹ lásán ni iye yìí, kì í ṣe ti ilé ìtura kan pàtó. Ènìyàn mẹ́fà tó jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ yóò jẹ àwo méjìdínlógún, èyí tó jẹ́ ₦72,000. Owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di 7.5% láti oṣù Kejì ọdún 2020, yóò fi ₦5,400 lé e. Ẹnikẹ́ni kò tíì mu omi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ kò tíì béèrè ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Oúnjẹ ọjọ́ kan péré ti gbé owó oṣù òṣìṣẹ́ kan mì, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni ẹbí ń lò níbẹ̀. Owó yàrá kò sí nínú ìṣirò yìí rárá.

Kí á má ṣe bú olótẹ́ẹ̀lì. Ó ń ra epo sí ẹ̀rọ amúnáwá, ó ń san owó oṣù fún alásè ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí àlejò kò sí, oúnjẹ tí kò tà sì ń bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo èyí ni ó kó sínú àwo ìrẹsì kan. Ẹni tó bá jẹ àwo náà ń san owó ọjọ́ tí òun kò sí níbẹ̀. Iṣu, gààrí, ẹyin àti èso tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà lójà kò tilẹ̀ ní owó orí VAT lórí. Ìgbà tí wọ́n bá gba ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì jáde ni ó ń gùn wọ́n.

Kí ló wá dé tí ẹni tó mọ ìṣirò yìí fi ń san án? Ojú ayé ni. Ọ̀pọ̀ bàbá gbà pé ẹni tó gbé kúlà oúnjẹ wọ ilé ìtura ti fi ara rẹ̀ hàn bí ahun tàbí ará oko. Ó fẹ́ kí àwọn tó jókòó sí tábìlì kejì mọ̀ pé òun rí owó ná. Àwọn tó wà ní tábìlì kejì náà ń wò ó, wọ́n ń rò ó bákan náà, ọ̀kan kò sì mọ̀ pé èkejì ti yá owó iléèwé ọmọ rẹ̀ lò. Nígbà tí wọ́n bá padà délé, tí iléèwé wọlé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò yá wọn lówó.

Bí ìtìjú bá wà nínú gbígbé oúnjẹ dání lọ sí àjò, a jẹ́ pé àwọn ẹni ńlá ti gbé ìtìjú náà ṣáájú wa. Sùúrà al-Kahf tí àwọn Mùsùlùmí ń kà ní ọjọ́ Jímọ̀ sọ nípa Ànábì Mûsâ àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá a rìn: ẹja ni wọ́n gbé dání láti jẹ lójú ọ̀nà. Nígbà tí Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) àti Abúbákà ń ṣí kúrò ní Mẹ́kà ní ọdún 622, Asmáù ọmọ Abúbákà ni ó fa ọ̀já ìdí rẹ̀ ya sí méjì láti fi di oúnjẹ àjò wọn. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é títí di òní, ẹni ọ̀já méjì, ẹrù oúnjẹ ni ó ti wá. Obìnrin tó bá ń di mọ́ínmọ́ín sínú kúlà ní ìdájí ọjọ́ àjò kò ṣe ohun tuntun.

Ohun tí wọn yóò gbé dání gba ọgbọ́n. Òwe ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iyán tí wọ́n gún ní Ìjerò ní àárọ̀ kò ní jó ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ bí ó bá fi máa dé Ìkógòsì ní ọ̀sán, ọmọ Èkìtì kan kò sì ní dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e síwájú rẹ̀. Ẹ fi iyán sílẹ̀ nílé. Oúnjẹ tó gbẹ ni oúnjẹ àjò: gààrí, ẹ̀pà, kúlíkúlí, ìpékeré, búrẹ́dì, ẹja díndín tó gbẹ dáadáa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn wà pẹ̀lú èèpo wọn, wọn kò bẹ̀rù ooru. Tíì, súgà àti mílíìkì oníyẹ̀fun kò gba àyè. Mọ́ínmọ́ín, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ni kí á ṣọ́ra fún. Oúnjẹ sísè tó bá ti tutù kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ nínú ooru, nítorí náà kí wọ́n jẹ wọ́n tán ní ọjọ́ kìíní. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbẹ́kẹ̀lé fìríìjì inú yàrá: iná a máa lọ ní òru, bí ó bá padà dé ní ìdájí, ọbẹ̀ yóò tutù, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́. Owó tí a rí tọ́jú lórí oúnjẹ ọmọ, tí a wá fi san owó ilé ìwòsàn, ẹlẹ́yàá ni.

Ti omi kò le. Omi Ìkógòsì ni wọ́n dì sínú ìgò tí wọ́n ń tà káàkiri orílẹ̀-èdè lábẹ́ orúkọ Gossy. Ó ya ni lẹ́nu bí àlejò ṣe ń sùn lẹ́bàá orísun omi tí ó sì ń ra ìgò omi kan ní ìlọ́po mẹ́ta iye rẹ̀. Àpò omi kan tí wọ́n rà ní Arámọkọ kí wọ́n tó yà sí ọ̀nà Èrìjìyàn yóò tó ẹbí náà lò. Bí fìríìjì yàrá bá ní ohun mímu nínú, kí bàbá ní kí wọ́n kó o jáde ní kété tí wọ́n bá wọlé. Ọmọ kékeré kò mọ̀ pé iye ìgò tó ṣí ni wọn yóò kọ sínú ìwé owó ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń lọ, ọtí tó sábà máa ń wà láàárín wọn kò sì ní iṣẹ́ nínú yàrá Mùsùlùmí.

Ẹ̀bà ọ̀sán àti oúnjẹ alẹ́ ṣì kù, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ìpékeré sun ọjọ́ méjì. Kí wọ́n rán ẹnìkan wọ ìlú. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin inú ihò àpáta tí Sùúrà kan náà sọ ìtàn wọn ṣe bẹ́ẹ̀: nígbà tí wọ́n jí, wọ́n fi owó fàdákà rán ọ̀kan nínú wọn lọ sí ìlú pé kí ó wo ibi tí oúnjẹ ti mọ́ jù, kí ó rà á wá. Obìnrin tó ń gún iyán lẹ́bàá títì ní Arámọkọ tàbí Èrìjìyàn kò ní olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kò ní ẹ̀rọ amúnáwá, iyán rẹ̀ sì gbóná. Ojú ni yóò fi rí ìkòkò rẹ̀, ẹnu ni yóò fi béèrè ẹran tó sè àti ẹni tó dú u. Ta ni ó lè béèrè bẹ́ẹ̀ ní ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì? Owó náà sì dúró sí ìlú. Kí ẹni tí wọ́n rán má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ná obìnrin náà ní ìnákúnàá nítorí ₦100. Olótẹ́ẹ̀lì tó gba ìlọ́po rẹ̀, kò sí ẹni tó bá a ná an.

Nǹkan kan wà tí kò gbọ́dọ̀ sá fún ẹni tó ń tọ́jú owó: àdéhùn ni yàrá. Ẹni tó san owó tí ó gba kọ́kọ́rọ́ ti gba òfin ilé náà, yálà ó kà á tàbí kò kà á. Ilé ìtura kan kò kọ oúnjẹ àlejò. Òmíràn ń gba owó díẹ̀ lórí ohun mímu tí wọ́n bá gbé wọlé. Òmíràn kọ̀ ọ́ pátápátá. Bàbá tó mọ̀ pé wọ́n kọ̀ ọ́, tó wá fi ẹní ìkírun bo kúlà kó lè gbé e kọjá lójú ẹ̀ṣọ́, kò tọ́jú owó kankan. Ọmọ mẹ́rin ni ó kọ́ ní irọ́ pípa ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ àárọ̀ tí wọ́n kà mọ́ owó yàrá. Ènìyàn méjì ni ó sábà máa ń wà fún, nítorí náà kí wọ́n béèrè ti àwọn ọmọ. Ẹni tí wọ́n ní kó jẹ àjẹyó níbi tábìlì, àjẹyó ni wọ́n fún un, wọn kò fún un ní ẹrù. Ẹyin mẹ́fà tó wọ inú àpò ìyá fún oúnjẹ ọ̀sán láìtọrọ kò yàtọ̀ sí ẹyin mẹ́fà tí wọ́n mú nínú ìsọ̀ aládìẹ.

Iná ńkọ́? Àwọn kan a máa gbé sítóòfù tàbí irin ìdáná oníná mànàmáná dání, wọ́n á sì máa se ọbẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ fèrèsé. Ọ̀pọ̀ Alhájì tó ń ka ìwé yìí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mínà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1997. Gáàsì ìdáná ni ó fa iná nínú àgọ́, afẹ́fẹ́ gbé e láti àgọ́ dé àgọ́, arìnrìn-àjò 343 ni ìjọba Sáúdí kéde pé ó kú, àwọn tó fara pa sì ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀ àwọn àgọ́ náà sí èyí tí iná kì í tètè ràn, tí wọ́n sì fi òfin de gáàsì níbẹ̀. Yàrá ilé ìtura ní aṣọ, ní tìmùtìmù, ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Omi gbígbóná tí kẹ́tùlù yàrá bá hó tó fún tíì, ó tó láti fi tẹ ẹ̀bà. Kẹ́tùlù náà kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀; ẹni tó se ẹyin àti índómì nínú rẹ̀ ti ba tíì jẹ́ fún àlejò tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Síbẹ̀, èyí tó ṣòro jù fún àwọn ọkùnrin láti gbọ́ ni ti ìyàwó. Ó rọrùn fún bàbá láti sọ pé ẹbí òun tọ́jú ₦100,000 ní Ìkógòsì. Ta ni ó bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín ní òru ọjọ́ kejì àjò? Ta ni ó ń pín oúnjẹ nígbà tí àwọn yòókù wà nínú omi, ta ni ó fọ àwo nínú balùwẹ̀? Bí obìnrin bá gbé ilé ìdáná rẹ̀ láti Ìbàdàn wá sí yàrá tí wọ́n fi owó gbà, kò tíì lọ sí àjò kankan. Ó kàn yí ibi iṣẹ́ padà ni. Kí ọkọ fọ àwo. Kí àwọn ọmọkùnrin tó ti lọ sí ibùdó ìpàgọ́ ẹgbẹ́, tí wọ́n ti bu oúnjẹ fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, bu ti ìyá wọn. Nínú owó tí wọ́n bá tọ́jú, kí bàbá yọ ti oúnjẹ alẹ́ kan, kí gbogbo ilé jókòó sí tábìlì òtẹ́ẹ̀lì náà ní ẹ̀ẹ̀kan, kí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú ìyá tí kò mọ bí wọ́n ṣe sè é. ₦4,000 náà kò ní pọ̀ jù ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kí ó tó fi owó yàrá ránṣẹ́, kí ó pe ilé ìtura náà lórí fóònù. Ṣé wọ́n gbà kí àlejò gbé oúnjẹ àti ohun mímu wọlé, èló sì ni lórí rẹ̀? Ènìyàn mélòó ni oúnjẹ àárọ̀ wà fún? Ṣé kẹ́tùlù wà nínú yàrá? Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, owó ṣì wà lápò rẹ̀, ó lè wá ilé mìíràn ní Arámọkọ tàbí ní Adó. Ẹbí tó ń gbé ní Ìjerò, ní Ẹ̀fọ̀n tàbí ní Adó kò tilẹ̀ nílò yàrá. Wọ́n lè gbéra lẹ́yìn ìrun Àsùbá, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n jẹ ohun tí wọ́n gbé dání lábẹ́ igi níbi tí wọ́n bá ti gbà wọ́n láyè, kí ilẹ̀ tó ṣú kí wọ́n sì ti padà délé.