Èrè Tẹ́tẹ́ Tí Kò Délé, Owó-orí Tó Délé

Ẹyẹ kò sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó fi mọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó ti fi agbára wọn ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, awakọ̀ tàbí olùkọ́ níbẹ̀, ni òkò kan ń bà láìmọ ibi tó ti wá. Owó-orí lórí èrè tẹ́tẹ́ ni òkò náà. Bàbá àgbà kan lè wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kàsínò láti fi najú, kí ó jẹ $3,000 lórí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́, kí ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà fún kàsínò yẹn kan náà kí oṣù tó parí. Lójú tirẹ̀, ọwọ́ òfo ló mú wálé. Lójú òfin, $3,000 ti wọlé fún un.

Gbogbo owó tí ènìyàn bá jẹ nínú tẹ́tẹ́, ì báà jẹ́ ti lọ́tìrì, ti eré ẹṣin tàbí ti kàsínò, ni òfin Amẹ́ríkà kà sí owó tó wọlé. Bí iye tó jẹ bá ti tó ààlà kan, kàsínò fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìwé W-2G ránṣẹ́ sí IRS, àjọ agbowó-orí ìjọba àpapọ̀. Òfin gbà lóòótọ́ pé kí ènìyàn yọ owó tó pàdánù, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ju iye tó jẹ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Lókè ìwé owó-orí ni wọ́n ti ń ro gbogbo owó tó wọlé pọ̀. Nísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìnáwó tí òfin fàyè gbà. Èrè tẹ́tẹ́ wà lókè, àdánù tẹ́tẹ́ wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá sì gba ìyọkúrò gbogbogbòò tí ìjọba ṣe fún tolórí tẹlẹ́mù, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń ṣe, kò lè yọ kọ́bọ̀ nínú àdánù rẹ̀.

Fún ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ yìí lè má pọ̀. Fún òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, òun gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀, nítorí pé iye tó wà lókè ìwé ni ìjọba ń wò kí ó tó mọ iye owó Social Security tí owó-orí yóò kàn. Wọ́n á mú ìdajì owó Social Security, wọ́n á rò ó pọ̀ mọ́ owó mìíràn tó wọlé. Bí àpapọ̀ náà bá kọjá $25,000 fún ẹni tó dá wà, tàbí $32,000 fún tọkọtaya, owó-orí lè kan tó ìdajì owó Social Security náà. Bí ó bá kọjá $34,000 fún ẹni tó dá wà, tàbí $44,000 fún tọkọtaya, ó lè kan tó ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún 1984 ni ààlà àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òfin ọdún 1993 sì fi èkejì kún un. Ohun gbogbo ti wọ́n gọbọi láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n àwọn ààlà wọ̀nyí kò yẹ̀ kúrò lójú kan.

Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kí ó yéni. Ká sọ pé ìyá opó kan, ẹni àádọ́rin ọdún, gba $24,000 láti Social Security ní ọdún 2025, ó sì gba $22,000 owó ìfẹ̀yìntì láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Bí kò bá ta tẹ́tẹ́, $4,500 péré nínú owó Social Security rẹ̀ ni owó-orí yóò kàn, gbogbo owó-orí ìjọba àpapọ̀ tí yóò san yóò sì jẹ́ nǹkan bí $275. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ $20,000 nínú tẹ́tẹ́ lọ́dún náà, tó sì pàdánù $20,000, kò jèrè kọ́bọ̀, síbẹ̀ $20,000 ti wọ òkè ìwé rẹ̀, ó sì ti fa $20,400 nínú owó Social Security rẹ̀ sábẹ́ owó-orí. Kí ó tó lè yọ àdánù rẹ̀ nísàlẹ̀, ó tún ní láti yááfì ìyọkúrò gbogbogbòò. Bí ó tilẹ̀ mú ẹ̀rí wá, tó sì yọ gbogbo $20,000 náà, owó-orí rẹ̀ yóò lé ní $4,100. Ó ju $3,800 lọ tó bọ́ lọ́wọ́ ìyá yìí lórí èrè tí kò sí.

Ti adójútòfò ìlera máa ń pẹ́ kí ó tó dé, ìdí nìyẹn tí ó fi ń bá ọ̀pọ̀ lójijì. Medicare ni ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún ẹni tó bá ti pé ọdún 65. Ní ọdún 2026, $202.90 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń san lóṣooṣù fún Part B, ẹ̀ka tó wà fún ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá wà, tí owó tó wọlé fún un ní ọdún 2024 bá fi dọ́là kan péré kọjá $109,000, yóò san $284.10, yóò sì fi $14.50 kún owó Part D, ẹ̀ka ti oògùn, bí ó bá ní in. Lọ́dún kan, àlékún méjèèjì lé ní $1,100. Fún tọkọtaya, $218,000 ni ààlà. Bí àwọn méjèèjì bá sì wà lórí Medicare, ọkọ yóò san tirẹ̀, aya yóò san tirẹ̀. Àjọ Social Security fàyè gba ẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ já wálẹ̀ nítorí ikú ọkọ tàbí aya, ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ìfẹ̀yìntì. Èrè tẹ́tẹ́ kò sí lára ohun tí wọ́n ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lé lórí. Ẹni tó fẹ̀yìntì ṣáájú ọdún 65 náà kò bọ́: ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba ń ṣe lórí adójútòfò ìlera tí irú wọn ń rà fúnra wọn ń dín kù bí owó òkè ìwé bá ṣe ń pọ̀ sí i.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, òfin tí Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí tún bu iyọ̀ sójú egbò. Láti ọdún 2026, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àdánù nìkan ni ènìyàn lè yọ. Dina Titus, aṣòfin láti ìpínlẹ̀ Nevada, gbé àbá kalẹ̀ pé kí wọ́n dá a padà sí bó ti wà. Àbá rere ni, ṣùgbọ́n kò kan ibi tí bàtà ti ń ta àwọn àgbà lẹ́sẹ̀. Ìyá opó inú àpẹẹrẹ yẹn yọ gbogbo àdánù rẹ̀ láìku ẹyọ kan, ó sì jìyà síbẹ̀. Ohun tó yẹ kí àwọn aṣòfin ṣe ni kí wọ́n gbé àdánù gòkè lọ bá èrè, kí ó jẹ́ pé ohun tó kù lẹ́yìn ìṣirò ni wọn yóò kà sí owó tó wọlé. Kì í ṣe ohun àjèjì. Ẹni tó fi tẹ́tẹ́ ṣe iṣẹ́ òòjọ́, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbà ní ọdún 1987 pé ó lè jẹ́ oníṣòwò, ń yọ àdánù tirẹ̀ lókè. Ohun tí òfin fún ọ̀jáfáfá nínú tẹ́tẹ́ ni ó fi du àgbàlagbà tó ń ta á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan yóò béèrè pé ta ló rán àgbàlagbà lọ sí ìdí tẹ́tẹ́. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí tẹ́tẹ́ kò sọ ẹni tó gbé owó ìfẹ̀yìntì lé e di olówó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ní lọ́tìrì tiwọn, tí wọ́n ń polówó rẹ̀, tí wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ kàsínò tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ. Ìjọba tó ń pe ènìyàn wá sídìí ayò kò lẹ́nu láti fi owó-orí bá a wí pé ó wá. Àwọn mìíràn yóò ní àwọn ènìyàn yóò máa purọ́ àdánù. Káàdì tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kàsínò ń lò ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ àti ohun tí wọ́n kó lọ; a kò ṣàì rí ọ̀nà tí a fi lè yẹ irọ́ wò.

Kí òfin tó yí padà, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí àgbàlagbà tó bá ń ta tẹ́tẹ́ kọ ọjọ́, ibi àti iye tó jẹ tàbí tó pàdánù sílẹ̀, kí ó tọ́jú ìwé rẹ̀, kí ó sì bi oníṣirò owó léèrè kí ọdún tó parí, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí àwọn ọmọ tó ní òbí lọ́hùn-ún náà bi wọ́n léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá pàdánù nídìí tẹ́tẹ́ ti san owó ìgbádùn rẹ̀. Kò yẹ kí IRS àti Medicare tún gba òmíràn lé e lórí.